Mi Ò Gba Ìṣákọ́lẹ̀ Lọ́wọ́ Òpó Iná

Ilé Rẹ,
Àìlégún, Èjìgbò, Èkó.

Hassanat Àjíbíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ooru Àbújá kò pa ọ́ jù? Èmi wà bí o ṣe fi mí sílẹ̀, Alihamudulilahi. Àwọn tó rán ọ níṣẹ́ lọ síbẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ síbẹ̀ o.

O ní kí n kúrò lóko wá bá ọ ṣọ́ ilẹ̀ rẹ, mo sì ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ kírun, kí n tó padà dé, àwọn òṣìṣẹ́ iná ti ri òpó ńlá kan mọ́ àárín ibi tí o fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ sí. Wọn ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún kọ nọ́ńbà pupa sí i lára bí ẹni sàmì sí àgbò iléyá. Mo gbé àga, mo jókòó tì í.

Nígbà tí ọ̀gá wọn dé, Albert lorúkọ rẹ̀, mo ní kó hú òpó rẹ̀. Ó ní kò ṣeé hú mọ́, pé ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà wọn. Mo ní ó ṣeun, bó bá ti ríbi wọ̀ níbẹ̀, kó kúkú máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n wá gbé èyí tó wà lórí ilẹ̀ ọmọ mi kúrò.

Lọ́jọ́ kejì ló gbé odindi àpò ìrẹsì dé, ó ní kí n má bínú, kí n kàn tẹ̀ka sí ìwé kan pé mo ti gbà á. Àjíbíkẹ́, ìrẹsì yẹn wù mí. Ṣùgbọ́n ṣebí nílé wa, ẹni tó bá gbin nǹkan sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, tí onílẹ̀ bá sì ti gbà á, kò lè ní kó fa ohun tó gbìn tu mọ́. Mo ní mi ò gba òpó sílẹ̀, kó gbé ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Àwọn ará àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín. Álífà Sirajudeen tó ń gbé ilé kejì sọ pé Èkó nìyí, màmá, ẹ gbà á kí ẹ sè é. Mo káwọ́ sẹ́yìn.

Ni Tẹjúmọ́lá, tíṣà ará Èkìtì tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa, bá gba ìwé náà kà. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé onílẹ̀ ti yọ̀ǹda kí òpó wà níbẹ̀ títí láé. Ẹ̀rín bá tán. Álífà gan-an ló pariwo jù, Tẹjúmọ́lá sì kọ̀wé lọ sí ọ́fíìsì wọn. Àná ni wọ́n wá hú òpó náà, wọ́n rì í sẹ́bàá títì. Inú mi dùn, mo jó yí ihò náà ká lójú Albert, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Wàyí o, fi owó yanrìn tí a ó fi dí ihò náà ránṣẹ́, kí o sì fi owó àpò ìrẹsì kan lé e, torí Albert gbé tiẹ̀ lọ lóòótọ́, ojú mi sì sìn ín dé ìdí mọ́tò. Má san án sí báńkì. Obìnrin ibẹ̀ náà ní kí n tẹ̀ka síwèé, mi ò sì mọ ohun tí òun náà fẹ́ rì mọ́ wa nílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò ní ri ohun tí o ò bèèrè mọ́ àárín ayé rẹ. Wàá kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, wàá jókòó sínú ẹ̀, bùbá tèmi ni wàá sì kọ́kọ́ rán níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sẹ̀kínátù.