Ọ̀rọ̀ Ẹnu Mi Nínú Ìwé Títílayọ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì 1956
Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé etí ọ̀sà. Ilẹ̀ gbígbóná mú mi, ó fi mí sílẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi sùn sábẹ́ àtẹ alátẹ ní Òkè Àrin. Mo ru ẹrù ní wáàfù títí àtàrí mi fi pá. Iná jó ìsọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Sitáńdáàdì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Lónìí, ta ló ń ta mílíìkì àti ṣúgà tó mi ní Òkè Àrin? Kò sí.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Títílayọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Pópó Àgùdà, ó ń kọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Sámúẹ́lì tó ti dolóògbé ni, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí. Iṣẹ́ ìjọba ló ń wá ní kóòtù Igbosere, kí ó máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbi ìgbẹ́jọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀tìháńdì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ — àmì wínníwínní, bí ibi tí adìyẹ ha ilẹ̀. Ọgọ́fà ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan ni ìdánwò wọn. Bí kò bá pé, kí ó padà sílé. Ó ní ohùn ni àwọn ń kọ, kì í ṣe lẹ́tà; ẹni tó bá lé ẹnu mi bá, kò sí òyìnbó tí yóò sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 16 Fẹ́búárì
Ọwọ́-Yá ni mo ń pè é báyìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má dúró dè mí, ẹ máa lọ." Mo lọ. Ọkọ̀ tó dà wá sínú ọ̀sà. Bí ilé Ìsàlẹ̀ Èkó tí ìyá rẹ̀ ń gbé ṣe dìde. Gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Fẹ́búárì
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Máàṣì
Ó yege. Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Lẹ́yìn Àjíǹde ni yóò wọṣẹ́. Mo sọ fún gbogbo Òkè Àrin pé ẹnu mi ló kọ́ ọ. Mọ̀núrù tó ń ta sàdíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bàbá Ìjẹ̀bú, ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó ṣèdánwò ọ̀hún ni?" Mo ní èmi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Máàṣì
Ọwọ́-Yá fi táípù tẹ ìtàn mi, ojú ìwé mọ́kànlélógún, ẹ̀dà méjì. Ó fi rìbọ́nù dì í. Ó ní ní kóòtù, ẹni tó sọ̀rọ̀ a máa fọwọ́ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kà á ná." Ta ní ń ka ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde? Mo fọwọ́ sí i, gbàràgàdà, mo fi ìrù sí ìdí orúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Máàṣì
Mo sọ fún ìyá Títílayọ̀, opó ẹ̀gbọ́n mi, pé kí ó kúrò ní ilé Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo ti wá yàrá fún un ní Èbúté Mẹ́ta. Mo fẹ́ máa kó ọjà sí ilé náà. Ilé mi ni. Ó ní òun ò lọ ibì kankan. Mo ní kí Lọ́yà Ọláníyì gbé e lọ sí kóòtù.

Ọjọ́bọ̀, 12 Épírì
Lọ́yà ránṣẹ́ pè mí. Ó na ìwé ìtàn mi sí mi. Ojú ìwé kẹtàdínlógún. "Sámúẹ́lì ẹ̀gbọ́n mi ló ra ilẹ̀ yẹn, òun ló kọ́ ilé náà. Èmi kàn ń pọnmi fún bíríkìlà ni." Ìfọwọ́sí mi nísàlẹ̀, tòun tìrù.
Títílayọ̀ ló fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀dà kejì, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí kóòtù.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Épírì
Títílayọ̀ kúnlẹ̀. Mi ò ní kó dìde. Mo bi í bóyá iyọ̀ ilé mi kò dùn ni. Ó ní, "Bàbá, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mi ò sì yọ ọ̀kan." Kò sọ pé mo purọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́rú, 18 Épírì
Lọ́yà ní ọ̀nà kan ló kù: kí n sọ fún adájọ́ pé ọmọ náà ló fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ mi. Ilé á di tèmi. Wọ́n á lé Títílayọ̀ níṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an — ta ló máa gba akọ̀wé kóòtù tó ń yí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀?
Mo délé, mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìrìn Ìjẹ̀bú-Igbó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná. Iná ẹ̀ẹ̀mejì. Kò yọ ọ̀kan. Bí mo bá ní irọ́ ni ojú ìwé kẹtàdínlógún, ta ni yóò gba mẹ́rìndínlógún tó ṣáájú rẹ̀ gbọ́?
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọ etù mi lọ sí Igbosere. Bí wọ́n bá bi mí bóyá ọ̀rọ̀ mi ni, màá ní tèmi ni, gbogbo rẹ̀. Màá wá padà sílé. Bí Títílayọ̀ bá kí mi, màá dáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní Ọwọ́-Yá mọ́, mi ò sì ní sọ ìtàn kankan létí rẹ̀ mọ́.