Adìẹ Sóyà Lójú Fèrèsé

Olówó orí mi, ọjọ́ mọ́kànlélógójì rèé tí mo ti sin yín. Ara mi le. Abọ́ méjì ni mo ṣì ń gbé kalẹ̀.

Ẹ rántí alásè ilé oúnjẹ Éṣíà tó kọjú sí wa? Nígbà tí dókítà ní iyọ̀ adìẹ sóyà rẹ̀, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ṣe bí ẹran adìẹ, pọ̀ jù fún yín, mo bẹ alásè náà kó sọ ibi tó ti ń rà á, kí n lè sè é nílé. Ó ní, “Ìyá, àṣírí iṣẹ́ ni.” Ẹ kú láìtún tọ́ ọ wò.

Àṣegbé kan ò sí. Mo ti rí i nínú fìríìsà ṣọ́ọ̀bù kan. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni mò ń dín in lójú fèrèsé, tí mò ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn oníbàárà alásè náà. Lánàá ó sáré wá: “Ìyá, ẹ ṣàánú mi! Ìgbà wo lẹ máa dáwọ́ dúró?”

Mo ní, “Àṣírí iṣẹ́ ni.”

Ẹ bá mi kí màmá mi. Lọ́la náà, n ó dín in.