Orúkọ Dilcia Lábẹ́ Etí Fìlà Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbà mí! Mo tún di ajubọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù — títí di ogúnjọ́ oṣù yìí, ó kéré tán. Ọ̀gá Evaristo tó ń darí ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ wojú mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún ló ń jẹ. Ó ní, "Eladio, o ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Tó o bá ṣe dáadáa, wàá bá wa dé àṣekágbá. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, padà sídìí ọ̀kadà rẹ." Mo ní ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ̀rín ń pa mí.

Mo fi bírò dúdú kọ orúkọ yín sábẹ́ etí fìlà mi. DILCIA. Oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹ ti jáde láyé.

Ọjọ́bọ̀, 3

Fóònù dún! Ẹ mọ iṣẹ́ àwa arọ́pò: a ó jókòó lẹ́yìn ọgbà pápá, a ó máa jẹ ẹ̀pà, a ó máa purọ́ fúnra wa, títí fóònù yóò fi dún pé ó ti rẹ ẹni tó ń jù. Ọ̀kan nínú wa á sì sáré lọ pa iná tí kò dá. Èmi ni wọ́n pè. Onígi mẹ́ta ló dúró níwájú mi láti gbá bọ́ọ̀lù mi, wọn ò rí i gbá, mo lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́ọ̀lù pẹ̀lẹ́ yín ni mo fi lé ẹni ìkẹyìn — èyí tí ẹ fi ìdérí ìgò omi kọ́ mi lójú títì. "Jẹ́ kí ọwọ́ yára, kí ìdérí lọ́ra." Kí n tó jù ú, mo fọwọ́ kan orúkọ yín.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Mo tún lé méjì! Màmá gbọ́ ọ lórí rédíò, ó pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì mú àdá jáde, wọ́n rò pé olè ni. Ó ní, "Dilcia ló bá ọ jù ú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Wọ́n nà mí. Bọ́ọ̀lù pẹ̀lẹ́ méjì, méjèèjì fò kọjá ọgbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Wọ́n tún nà mí. Wilkin, onígi wọn oníkùn ńlá yẹn, dúró de bọ́ọ̀lù pẹ̀lẹ́ mi bí ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí. Nígbà tó ń padà sórí bẹ́ǹṣì wọn, ó kígbe pé, "Eladio, fìlà yẹn mà yẹ ọ́ o! Jọ̀ọ́, má bọ́ ọ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kò yé mi.

Ọ̀gá ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kóun lé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ó ti yé mi báyìí. Kòkó mú mi lọ sẹ́yìn pápá lọ́sàn-án — Kòkó tó ń hán bọ́ọ̀lù fún wa, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Ó ní kí n máa jù. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ mi ló ti ń pè é: "Pẹ̀lẹ́. Líle. Líle. Pẹ̀lẹ́." Ẹ̀ẹ̀méjìlá, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àjẹ́ ni yín?"

"Àjẹ́ bàbá ẹ! Fìlà rẹ ni. Tó o bá fẹ́ ju pẹ̀lẹ́, wàá fọwọ́ kan etí ẹ̀. Tó bá jẹ́ líle, o ò ní kàn án. Gbogbo erékùṣù ló mọ̀, àfi ìwọ àti ìyá ẹ."

Mo ṣí fìlà náà hàn án. Ó kà á. Ó wá ní, "Àbúrò mi, fi èyí sílé. Wá fìlà mìíràn."

Ọjọ́ Ajé, 14

Mo dé fìlà mìíràn lọ ṣe ìdánrawò. Ọwọ́ mi ṣáà ń lọ síbi etí rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù pẹ̀lẹ́ ń já lulẹ̀ bí ọsàn tó rà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Màmá ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló bá yọ ahọ́n síta — bíi tiyín gẹ́lẹ́! Mo rántí. Ẹ máa ń yọ ahọ́n kí ẹ tó ju ìdérí tó lọ́ra. Mo ti mọ̀ ọ́n, mo ń fi igi ìgbálẹ̀ nà yín bó ṣe wù mí, mo ń yangàn kiri àdúgbò. Lọ́jọ́ kan ẹ yọ ahọ́n, ẹ wá ju èyí tó le. Níkùn ló ti bà mí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo sáré lọ sọ fún Kòkó. Ó rẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ dún.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Ìpele kẹsàn-án, ìpele ìkẹyìn. Ayò kan péré la fi ń ṣíwájú, ọ̀tá méjì ti fẹ́ẹ̀ sáré délé gba ayò, ó ku ẹnì kan ká lé ká borí. Fóònù dún. Èmi! Mo dé fìlà yín. Ta ló di igi mú? Wilkin. Ó wo fìlà mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Líle: kò bà á. Líle: ó bà á, ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Tó bá tún tàsé lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Mo fọwọ́ kan etí fìlà. N kò yára. Mo jẹ́ kí ìka mi rìn lórí orúkọ yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo rí i tí Wilkin fara sẹ́yìn, tó ń dúró de pẹ̀lẹ́.

Mo ju líle.

Bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ Kòkó kí igi Wilkin tó mira! Pápá hó yèè. Kòkó gbé mi sókè tòun ti orúnkún rẹ̀. Wilkin ń pariwo, "Òpùrọ́! Fìlà òpùrọ́!" — òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kọjá lára mi: "Ìdánrawò fún àṣekágbá, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta. Má pẹ́."

Òógùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orúkọ yín rẹ́ tán. Màmá ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé kí ni mo jù gbẹ̀yìn. Mo ní líle ni.

Ojú rẹ̀ fà ro. "Kì í ṣe ti Dilcia?"

Mo ní, "Màmá, ti Dilcia ni."