Tú Àkàsọ̀ Mi Sílẹ̀

Sí ọmọbìnrin mi àgbà, Ọ̀gá Ọlọ́pàá tó ń ti òkèèrè ṣọ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ tó jogún etí ńlá mi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bí o bá béèrè èmi, ara mi le bí ògiri tuntun. Ibi tó lanu díẹ̀ níbẹ̀, aláǹgbá ò tíì ráyè wọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ láti ẹnu mi pé bàbá rẹ já láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aránṣọ, ó ta òkìtì lójú ọ̀run, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ bí ológbò. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó fi ń kun ilé náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá pàtẹ́wọ́.

Ó dáa. Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi, ó ń ka ohun tí mò ń kọ. Ó ní kí n yọ òkìtì kúrò, mo ti yọ ọ́. Ó ní kí n yọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà kúrò. Igi kejì lára àkàsọ̀ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ni mo sì fi balẹ̀, sínú korobá ọ̀dà funfun. Ìyá rẹ ní ọ̀dà náà ṣòfò ni, nítorí orí mi ti funfun tẹ́lẹ̀.

Òòyì ló kọ́ mi. Ọjọ́ yẹn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, ojú mi á ṣú bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Màá di ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mú, màá díbọ́n pé aṣọ ni mò ń wá. Ìyá rẹ á ní, "Bàbá wọn, aṣọ wo lẹ ń wá látàná?"

Àbúrò rẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ìyá rẹ sì tẹ̀lé wa. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí kéré débi pé mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó jáde. Mo sọ fún un pé òòyì ni. Ó ní òòyì ju oríṣi kan lọ: "Bàbá, ṣé ilé ló ń yí ni, àbí ojú yín ló ṣú?" Mo ní bó bá jẹ́ ilé ló ń yí, ǹ bá jókòó sójú kan kí n máa kùn ún bó ṣe ń kọjá, kí ló kan èmi àti àkàsọ̀? Ó ní èyí tí ilé ń yípo sábà máa ń wá láti inú etí, ṣùgbọ́n èyí tí ojú ń ṣú téèyàn bá dìde, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ó wá bi mí ohun tí mò ń ṣe gan-an kó tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kí ìyá rẹ lọ bá mi wá omi ná, kí n tó dáhùn. Nígbà tí mo dáhùn tán, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́.

Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ó ní kí n dìde, ó tún un wọ̀n. Ó ti já wálẹ̀. Ó ní téèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ a máa wọ́ lọ sẹ́sẹ̀, ó sì yẹ kó tètè gòkè padà sórí, àmọ́ ti arúgbó máa ń pẹ́ lọ́nà. Ṣé o gbọ́ bí? Ẹ̀jẹ̀ mi ni kò lè gun àkàsọ̀ mọ́. Èmi lè gùn ún.

Mo lọ́wọ́ nínú ẹ̀ ṣá. N kì í mu omi lẹ́nu iṣẹ́, torí sísọ̀kalẹ̀ lọ tọ̀ máa ń sú mi. Bí mo bá sì gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lánàá, méjì ni màá gbé mì lónìí, bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ àná mọ́ tòní. Dókítà wò mí bí mo ṣe máa ń wo ẹni tó fi ọ̀dà kun gíláàsì fèrèsé. Ó ní èyí tí mo bá gbàgbé, kí n jẹ́ kó lọ, kí n má sì dá oògùn dúró láìbi òun.

Ní báyìí, màá jókòó sétí ibùsùn ná, màá máa mi ẹsẹ̀ bí ọmọdé tó wà lórí àga gíga, màá yọ ìyá rẹ lẹ́nu díẹ̀, kí n tó rọra dìde. Ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí òòyì bá sì fẹ́ kọ́ mi, màá jókòó síbi tí mo bá wà, ìbáà jẹ́ lójú àna mi. Nọ́ọ̀sì ní bí ẹnu mi bá wọ́, tí ọwọ́ kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ mi bá lọ́, kí wọ́n sáré gbé mi wá. Ìyá rẹ bi í pé báwo lòun ṣe máa mọ̀, ọ̀rọ̀ mi ti lọ́ látìgbà tóun ti fẹ́ mi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì. Ìwọ lo pàṣẹ, àbúrò rẹ sì fi ṣéènì so àkàsọ̀ mi mọ́ irin fèrèsé ẹ̀yìnkùlé bí ewúrẹ́ olè, ó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí ọ. O ní n ò gbọdọ̀ gun ohunkóhun mọ́ láyé mi. Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ yín. Ilé aránṣọ ṣì wà níbẹ̀, apá kan òkè rẹ̀ funfun, apá kejì wà ní ìhòòhò. Àwọn oníbàárà ń bi obìnrin náà bóyá bó ṣe máa rán aṣọ tiwọn nìyẹn, lápá kan. Nọ́ọ̀sì ti tún mi wọ̀n, ẹ̀jẹ̀ mi kò já wálẹ̀ mọ́. Òun àti dókítà gbà kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, bí ẹnìkan bá ti di ìdí àkàsọ̀ mú. Ìyá rẹ ti gbà láti dì í mú. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń wá ibi tí n ò ti ní lè sá fún ọ̀rọ̀ òun.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú rẹ ṣú. Kí ilé rẹ dúró lójú kan. Àwọn ọmọ rẹ á gòkè, wọn ò ní já. Bí o ṣe ń ṣọ́ mi yìí, wàá rọ́mọ tí yóò ṣọ́ ìwọ náà.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹlẹ́wọ̀n rẹ,
Akunlé tí kò ní àkàsọ̀.

Àfikún: Ìyá rẹ ti wọ ilé ìdáná lọ. Mo mọ̀ pé o ò ní fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ránṣẹ́ bí n ò bá sọ èyí. N ò sí lórí àkàsọ̀ lọ́jọ́ náà rárá. Abẹ́ rẹ̀ ni mo wà, níbi òjìji. Mo jókòó sórí korobá tó ṣófo, mo sì sùn lọ. Mo gbọ́ ìró bàtà aránṣọ, mo fò dìde kó má baà bá mi lójú oorun, ojú mi ṣú, mo ṣubú sínú korobá ọ̀dà tó wà níwájú mi. Nígbà tí mo máa lajú, èrò ti pé jọ, gbogbo wọn ń wo òkè àkàsọ̀. Èmi náà bá wọn wò ó.