Ọkọ̀ Tí Ì Bá Gbé Mi Wálé

Ìyá Ìbejì mi,

Ara mi le, má fòyà. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù wa, èyí tí a ní afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò máa tì lórí òkun, ti bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun. Ó ní oníbàárà kì í dúró de afẹ́fẹ́, ó sì ní kí a yọ ìgbòkun, aṣọ ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́, kí a fi ẹ́ńjìnnì sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ sunkún. Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Afẹ́fẹ́ ni mo ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Nígbà ìgbéyàwó àwọn ìbejì, o ní kí n wọ ọkọ̀ òfurufú wá. Mo ní ọkọ̀ tèmi ni n óò bá wálé. O ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé afẹ́fẹ́ mọ ilé wa ni?" Mo bínú, n kò sì wá. Ìwọ lo jàre.

Wọ́n gé díẹ̀ fún mi lára ìgbòkun náà, mo fi ṣe kọ́tìnì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á wú, yàrá á sì dà bí ẹni tó fẹ́ gbéra.

Bá mi kí àwọn ìbejì, àti àwọn ọmọ wọn tí n kò tíì fojú kàn. Má bu oúnjẹ mi sílẹ̀ mọ́. Sùn dáadáa.

Bàbá Ìbejì rẹ