Òkun Wa Gbà Ju Ogún Lọ

Parachique, ọjọ́ Ajé

Nélida ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Lima kò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Pétérù Mímọ́ tó ń ṣọ́ àwa apẹja kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ dojú dé, bí ìwọ kò tilẹ̀ ní ọkọ̀. Àmín. Àlàáfíà ni a wà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ẹja péríkò sì ti sún mọ́ etíkun débi pé a jẹ ẹ́ títí ó fi sú wa.

O sọ lórí fóònù pé ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé ńlá náà, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wo ojú ọjọ́ àti òkun ní apá gúúsù ayé ń bọ̀ láti Australia, South Africa àti Brazil, àti pé ìwọ ni wàá dìde ka nọ́ńbà òkun wa sí wọn létí. Mo sọ fún gbogbo èbúté, títí kan Fiestas, apẹja ẹlẹgbẹ́ mi tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í kíra wa. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe. Mo ní ṣé kò rí i ni, oníkálukú ń mú máàkì òkun tirẹ̀ bọ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó gba ipò kìíní.

Má bínú, ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í. Láràárọ̀ ni mò ń fa omi pẹ̀lú garawa, tí mò ń ti ọ̀pá gíláàsì tí o fún mi bọ̀ ọ́, tí mo sì ń kọ ohun tó sọ. Mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, mo ní òkun ń gbìyànjú, ṣebí méjìdínlógún tí ìwọ gbà nílé ìwé la tìtorí rẹ̀ pa ewúrẹ́. Nígbà tó di oṣù kejì, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀pá ní mẹ́tàlélógún. Ta ló gba mẹ́tàlélógún nínú ogún rí ní Peru yìí? Mo ní bí mo bá kọ ọ́, wọn á ní a jíwèé wò ni. Mo kọ ogún. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni mo fi kọ ogún.

Àná ni Tíṣà Bancayán wá jẹun, mo sì gbé ìwé náà fún wọn kí wọ́n lè rí òkun tó mọ̀wé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní ooru kì í ṣe ìdánwò, kì í dúró ní ogún, àti pé bí Nélida bá ka irú èyí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yóò mọ̀ pé irọ́ ni, wọn kò sì ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́ láé. Iṣẹ́ tí o fi ọdún mẹ́fà ṣe, èmi bàbá rẹ ni mo fi bírò bà á jẹ́.

Ìyá rẹ dìde nídìí oúnjẹ. Ó wọ yàrá, ó sì wọ́ àpò kan jáde. O mọ̀ pé kò mọ ìwé kọ, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà dáadáa, òun ló sì ń bá mi di garawa mú. Ó ní ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí òun pé mò ń rẹ́ òkun jẹ, pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Ó ti ń sin ìkarahun ìṣáwùrù sí okùn, okùn kan fún ọjọ́ kan, ìkarahun kan fún máàkì kọ̀ọ̀kan tí mo yọ kúrò. Ìkarahun kò wọ́n wa, omi gbígbóná yẹn ti pa gbogbo ìṣáwùrù tí a ń sìn nínú òkun, wọ́n kún etíkun. Okùn mọ́kànlélógójì ló pé pérépéré. Tíṣà kà wọ́n, òkun wa dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì ṣí fìlà fún ìyá rẹ. Inú mi dùn débi pé mo jó.

Mo ní kí a fi àpò náà rán awakọ̀. Ìyá rẹ ní rárá, òun ti rí ohun tí ọkùnrin ń fi nọ́ńbà ṣe. Ẹni tó dúró síwájú rẹ yìí, tó na lẹ́tà sí ọ, tí kò kúrò ní Parachique rí, fún un lómi mu. Jọ̀ọ́, bá mi wá owó ọkọ̀ tí yóò fi padà, nítorí ìṣáwùrù tá à bá tà ti kú, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún garawa tuntun.

Kí ọ̀rọ̀ rẹ dá ṣáká níwájú wọn o, kí Ọlọ́run fún ọ lóhùn tí kò ní gbọ̀n. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ka nọ́ńbà wọ̀nyí, má dárúkọ mi. Sọ pé kí ìyá rẹ dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Santos Periche