Omi Tútù Tí Mo Fi Kọjá Géètì

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ
Ara mi gbóná. Àárẹ̀ lásán ni — mo ní. Àwa tí à ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó wa. O ò wá, o ò jẹ. Mílíìkì ọmọ mi, Ọ̀gá Kékeré, ku ṣíbí méjì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo ṣe nǹkan kan. Ní géètì, wọ́n máa ń na ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ara sí iwájú orí wa, kí wọ́n lè mọ ẹni tí àrùn tó gbòde yìí ti mú, kí wọ́n lé e padà sílé. Mo kọ́kọ́ yà sídìí ẹ̀rọ omi, mo rẹ aṣọ, mo fi lé iwájú orí títí ó fi tutù. Géètìmáànù ní, "Ìyàwó, ara ẹ tutù bí ìkòkò omi. Wọlé." Mo rẹ́rìn-ín fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mò ń wúkọ́ sínú ìbòmú. Nọ́ọ̀sì tí mò ń pè ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní kí n wá jókòó ti òun, ó bu tíì tiẹ̀ fún mi. "Ìyá ọmọ, sinmi díẹ̀, ilẹ̀ ò ní sá lọ." Mo yọ ìbòmú, mo mu ún. Ó yẹ kí n sọ fún un. Tíì yẹn dùn.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Ara mi ti yá. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ò wá.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Nọ́ọ̀sì mẹ́fà ló ti dùbúlẹ̀. Wọ́n ti wọ́ọ̀dù pa. Aboyún kan jókòó sílẹ̀ ní géètì, ó ń rọbí, wọ́n ní kó lọ sí ọsibítù mìíràn — ó sì jìnnà. Ọkọ ẹ̀ ń bẹ̀ wá fún owó mọ́tò. Mò ń wo bàtà mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Mò ń nu fèrèsé, Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ń ṣàròyé fún akọ̀wé owó. Nọ́ọ̀sì àyálò tí wọ́n gbà wá kí wọ́ọ̀dù lè tún ṣí, owó ọjọ́ kan ẹ̀ ju gbogbo owó ojoojúmọ́ mi lóṣù kan lọ. Owó oògùn àwọn tó ń ṣàìsàn tún wà níbẹ̀. Ká ní wọ́n san ọjọ́ márùn-ún péré fún mi, kí n sùn sílé —
Mátírọ́ọ̀nù tún ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló kó àrùn náà wá. "Awakọ̀ lọkọ ẹ̀, ṣebí ó ń gbé gbogbo ayé." Fèrèsé tó ti mọ́, mo tún ń nù ún.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Ọ̀gá Kékeré hu eyín. Mi ò lè yọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n
Àǹtí Jẹ́jẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á dúró kó lè mí. Mátírọ́ọ̀nù kó gbogbo wa jọ, ó nawọ́ sí mi. "Èyí ò fọjọ́ kan pa iṣẹ́ jẹ. Láti oṣù tó ń bọ̀, òṣìṣẹ́ gidi ni, olówó oṣù." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ti Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló pọ̀ jù, títí ikọ́ fi gbé e. Mo lanu kí n sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé, mà."
Wọ́n na ìwé ìgbanisíṣẹ́ sí mi. Mo fọwọ́ sí i.